Ta Ni Ìhámọ́ra Yìí Fẹ́ Bá Jà?

Ìbéèrè kan ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ìhámọ́ra èyíkéyìí tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: ta ni o fẹ́ bá jà? Kì í ṣe pé, èló ni wọ́n ná sí ọ? Kì í sì í ṣe pé, ṣé o jọ èyí tó wà nínú àwòrán? Asà mọ̀ pé ọfà ń bọ̀ láti iwájú. Akoro irin mọ̀ pé kùmọ̀ ń bọ̀ láti òkè. Ìbò apá tí tafàtafà máa ń so mọ́ ọwọ́ tó fi di ọrun mú mọ̀ pé ọsán ọrun tirẹ̀ gan-an ni yóò ta á. Èyí tí kò bá mọ ibi tí ìyà ti ń bọ̀, ẹrù lásán ni lára ẹni tó gbé e wọ̀.

Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé fóòmù ni mo ń bi ní irú ìbéèrè yìí. Ìhámọ́ra tí mo ń sọ kò ní dé ojú ogun láéláé. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe é, láti ìhà Lẹ́kí títí dé Ajah àti Ṣàngótẹ̀dó, àwòrán àfinúrò ni wọ́n sì ń wò ṣe é: àwòrán àwọn jagunjagun tí kò sí níbì kankan àfi nínú gémù, nínú kọ́míìkì àti nínú fíìmù. Wọ́n ń wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ àṣà ìbílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń wọ irú rẹ̀ lọ sí Lagos Comic Con, àpéjọ tí Ayọ̀délé Elegba dá sílẹ̀ ní 2012, níbi tí ìdíje ìmúra ti jẹ́ ara ohun tí èrò ń lọ wò. Òbí púpọ̀ kà á sí ìfàkókò-ṣòfò. Àwọn olùkọ́ kan kà á sí iṣẹ́ ọwọ́, wọ́n sì ń fún un ní máàkì. Èmi gbà pé iṣẹ́ ọnà ni, nítorí náà ó yẹ kí a máa ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ bí a ti ń ṣe ti ewì àti ti eré orí ìtàgé, kí a sọ èyí tó dára, kí a sì sọ ìdí tí èkejì kò fi tó o. A kò tíì máa ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá tóbi jù là ń pàtẹ́wọ́ fún.

Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí lè rò pé eré ọmọdé ni. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ọ̀rá wé àyà ẹni tí yóò wọ̀ ọ́, wọ́n á fi téèpù lẹ̀ ẹ́ yíká títí yóò fi le, wọ́n á fi báírò fa ìlà sí ibi tí ó yẹ kí ó ti pín, wọ́n á wá fi àlùmọ́gàjí gé e kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn ni awọ ara ẹni náà, tí a fi ọ̀rá àti téèpù ṣe. Wọ́n á tẹ́ ẹ lé páálí, láti orí páálí ni yóò ti dé orí fóòmù, irú fóòmù líle pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣe ìsàlẹ̀ sílípáàsì, tí àwọn tó ń ta èròjà bàtà máa ń tà. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú; ọ̀bẹ tó kú máa ń fa fóòmù ya ni, kì í gé e. Wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì tí yóò lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á dúró títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀. Bí ó bá ti lẹ̀, ó ti lẹ̀ nìyẹn, kò sí pé mo fẹ́ sún un díẹ̀.

Fóòmù pẹlẹbẹ kì í di roboto àfi bí a bá yọ igun kan lára rẹ̀ bí ẹ̀là ìbẹ́pẹ, kí a sì fa ẹnu ibi tí a gé pọ̀. Ìṣirò nìyẹn, olùkọ́ ìṣirò kò sì sí nítòsí nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Iná ni yóò ṣe ìyókù. Bí fóòmù bá rí ooru, tí kò sì kan iná, yóò rọ̀, a lè tẹ̀ ẹ́ lórí itan tàbí lórí ìkòkò, bí ó bá sì tutù, bí a ti tẹ̀ ẹ́ ni yóò wà. Ooru kan náà ni yóò dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀ kí ó má baà máa mu ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni gọ́ọ̀mù funfun, ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà ni ọ̀dà dúdú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àkísà ra ọ̀dà fàdákà sí etí àti sí ibi tó yọ sókè nìkan, nítorí ibi tí ọwọ́ ti ń kan irin ni irin ti ń dán. (Ìta gbangba ni kí wọ́n ti máa ṣe gbogbo èyí, ẹ̀yin òbí. Òórùn gọ́ọ̀mù yẹn kò dára nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀.) Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé lámèyítọ́ tí mo fẹ́ ṣe kì í ṣe ti ẹni tó fojú tín-ín-rín iṣẹ́ náà.

Ní ọjọ́ àṣà kan ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí Ajah, mo rí ìhámọ́ra méjì tó gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ kedere. Ọ̀kan jẹ́ ti ọmọkùnrin kan ní SS2. Inú àwòrán gémù òkè òkun ni ó ti wò ó: ìgbàyà aláwọ̀ fàdákà, àṣíborí oníwo méjì, àti ìbò èjìká tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó abọ́ ìfọṣọ. Iṣẹ́ náà mọ́. N kò rí ibì kan tí gọ́ọ̀mù ti ṣàn jáde. Ẹni tó bá rí i nínú fọ́tò yóò búra pé irin ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pè é, ẹ̀gbẹ́ ni ó fi gba ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn wọlé. Kò lè gbé ọwọ́ sókè. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà tó jókòó síwájú, ó tẹ̀ díẹ̀, ó dúró, ó wá fi orí kí wọn. Nígbà tí ó jókòó, ìgbàyà náà tì í lágbọ̀n sókè. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé fẹ́ ẹ. Òun ni ó gba ipò kìíní.

Èkejì jẹ́ ti ọmọbìnrin kan ní JSS3. Wọ́n ti ka ìtàn Fágúnwà fún wọn ní kíláàsì, ó sì ti ya àwòrán ọdẹ kan tí ń wọ igbó irúnmọlẹ̀ sínú ìwé rẹ̀. Àwòrán ara rẹ̀ yìí ni ó wò ṣe ìhámọ́ra. Ó kó sílípáàsì àtijọ́ jọ, ó gé wọn ní ìpẹ́ ìpẹ́, ó sì rán wọn mọ́ bùbá kan tó ti gbó, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ìpẹ́ òkè lè máa bo ojú abẹ́rẹ́ ti ìsàlẹ̀. Ó kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa. Ó so àwọn ońdè mẹ́rin kan mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó ní akika ni òun wò, ẹranko onípẹ́ yẹn tí í máa ká jọ bí bọ́ọ̀lù bí ẹ̀rù bá bà á. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí pèpéle, tí ó ká orúnkún mọ́ àyà, àwọn ìpẹ́ náà ṣí, wọ́n tún pa dé, ariwo kékeré kan sì jáde lára wọn bí ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Kò gba nǹkan kan. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń dá ẹjọ́ sọ pé ó jọ sílípáàsì.

Ẹ má jẹ́ kí a dá ọmọkùnrin náà lẹ́bi ju bó ti yẹ lọ. Ayàwòrán ni ó tàn án jẹ, ayàwòrán náà kò sì ṣẹ̀. Ẹni tó ń ya jagunjagun sórí ìwé kò ní láti ronú pé ẹni náà yóò mí, yóò làágùn, yóò sì wọ ọkọ̀. Frank Frazetta, ọmọ Amẹ́ríkà tí àwọn àwòrán tó yà sí iwájú ìwé Conan ní àwọn ọdún 1960 sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, mọ èyí dáadáa: iṣan àti òjìji ni ó fi ń mú ojú ẹni, ọ̀pọ̀ jagunjagun rẹ̀ ni kò tilẹ̀ wọ nǹkan kan tí a lè pè ní ìhámọ́ra. Àwọn tó tẹ̀lé irú ipa ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún wa ní èjìká ńlá, àwọn náà ni wọ́n sì fún wa ní ìhámọ́ra obìnrin tó bo èjìká, tó bo orúnkún, tó wá fi àyà àti ikùn sílẹ̀ fún ọfà. Bí òbí bá ní kí ọmọ òun má wọ irú ìyẹn, ìwà ọmọlúwàbí ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Èmi á fi ìdí kejì kún un: ìhámọ́ra burúkú ni. Kò mọ ẹni tó fẹ́ bá jà.

Ìhámọ́ra irin tí àwọn ológun Yúróòpù wọ̀ gan-an kò rí bí ti àwòrán wọ̀nyí. Odindi rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ máa ń wọ̀n tó kílógíráàmù 15 sí 25, gbogbo ara ni ó sì fi ń gbé e, kì í ṣe èjìká nìkan. Ẹni tí wọ́n bá rọ ọ́ fún lè sáré nínú rẹ̀, ó lè gun ẹṣin, ó lè ṣubú kí ó sì dìde. Ọ̀rọ̀ pàtàkì ibẹ̀ ni pé wọ́n rọ ọ́ fún un. Ẹni tó mọ Bíbélì yóò rántí pé Dáfídì wọ ìhámọ́ra Ṣọ́ọ̀lù, ó sì bọ́ ọ kúrò. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni àwọn oníwàásù máa ń fi ibẹ̀ sọ. Mo rò pé ọ̀rọ̀ télọ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí Bíbélì kan náà ti sọ fún wa ṣáájú pé Ṣọ́ọ̀lù ga ju gbogbo ènìyàn lọ láti èjìká sókè. Ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Ṣé ohun tí mo ń sọ ni pé kí a fi ti òkè òkun sílẹ̀, kí a wọ tiwa? Rárá o. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ti yá jù, ọ̀pọ̀ àròkọ ni ó sì ti parí síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò lára tiwa ni bí àwọn tó ṣe é ti ronú.

Ẹni tó bá lè dé ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn, kí ó lọ wo idẹ Ìbìní. Lára àwọn pátákó idẹ tí àwọn oníṣẹ́ ọnà Ìbìní dà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó púpọ̀ nínú wọn lọ ní 1897, ni a ti ń rí jagunjagun tó wọ àṣíborí, tó fi eyín ẹkùn ṣe ẹ̀gbà ọrùn, tí ojú ẹkùn wà ní àyà rẹ̀, tí agogo onígun mẹ́rin sì rọ̀ sórí rẹ̀. Agogo! Kí ni agogo ń ṣe ní àyà ẹni tó ń lọ sógun? Kò lè dá ọ̀kọ̀ dúró. Èrò tèmi ni pé ẹni tó so agogo mọ́ àyà kò fẹ́ sá pamọ́. Ó fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ pé òun ń bọ̀. Etí àti ọkàn ọ̀tá ni ìhámọ́ra yẹn ń bá jà, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù kò sí lára idẹ rárá. Àwọn ìjòyè ńlá Ìbìní ní ẹ̀wù ayẹyẹ kan tí wọ́n fi aṣọ pupa rán, tí wọ́n gé ní ìpẹ́ ìpẹ́, tí wọ́n sì tò lé ara wọn kí ó lè jọ ara akika. Aṣọ ni. Ọ̀bẹ ìdáná lè gún un. Ṣùgbọ́n ẹkùn ni àmì Ọba Ìbìní, akika sì ni ẹranko tí wọ́n ní ẹkùn kò rí pa, nítorí pé bí ẹkùn bá dé, yóò ká jọ, ẹnu ẹkùn kò sì ní rí ibi mú. Ìjòyè tó bá wọ ẹ̀wù yìí síwájú Ọba ti sọ ọ̀rọ̀ kan láìlanu. Ta ni ó fẹ́ bá jà? Gbogbo ààfin mọ̀. Ọmọbìnrin JSS3 yẹn kò gbọ́ ìtàn Ìbìní yìí rí nígbà tí mo bi í, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ti dé ibi tí ọwọ́ àwọn àgbà ọ̀ṣọ́nà dé.

Nítorí náà kò sí ìtìjú nínú fóòmù. Ohun tó ń ṣe bí ohun mìíràn, iṣẹ́ ààfin ni láti ìgbà láéláé. Àwọn tó lówó jù wá lọ náà ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù The Lord of the Rings ní New Zealand, èyí tí apá kìíní rẹ̀ jáde ní 2001, ike ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀wù onírin wẹ́wẹ́ tí a rí lára àwọn jagunjagun inú rẹ̀: wọ́n gé páìpù ike ní òrùka òrùka, wọ́n sì fi ọwọ́ so wọ́n kọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan fún ìgbà pípẹ́ débi pé ìlà orí ìka àwọn tó ń ṣe é pa rẹ́. Páìpù tí àwọn púlọ́ńbà ń rà lójú ọ̀nà Addo ni mo ń sọ un.

Ní òkè ọya, àwọn ẹlẹ́ṣin Sókótó àti Bornu ní lífídì, ẹ̀wù nínípọn tí wọ́n ki òwú àràbà sí, tí wọ́n ń wọ̀, tí wọ́n sì tún ń fi irú rẹ̀ bo ẹṣin. Ó dára fún pápá gbalasa níbi tí ọ̀kọ̀ àti ọfà ti ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ gbé e wá sínú igbó tiwa, níbi tí ẹṣin kì í pẹ́ kí eṣinṣin tó pa á, tí okùn igbó ń fa ènìyàn láṣọ, ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò kú sínú ooru kí ó tó rí ọ̀tá.

Tiwa gba ọ̀nà mìíràn, orúkọ wọn tilẹ̀ máa ń dá ìbéèrè mi lóhùn kí n tó bi wọ́n. Ayẹta ni ohun tí wọ́n gbà pé ó ń mú kí ọta yẹ̀ lára ẹni. Òkígbẹ́ wà fún àdá. Ońdè wà lọ́rùn, ìfúnpá wà ní apá, ìgbàdí wà ní ìdí, gbérí ọdẹ sì kó owó ẹyọ àti àdó wẹ́wẹ́ sára títí tí ẹni tó wọ̀ ọ́ á fi dàbí igbó tó ń rìn. N kò sọ pé ó ń ṣiṣẹ́, n kò sì sọ pé kò ṣiṣẹ́. Kì í ṣe iṣẹ́ alámèyítọ́ nìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé kò sí ẹyọ kan níbẹ̀ tí kò ní iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Àmọ́ iṣẹ́ tí a rán ìhámọ́ra lè yí padà mọ́ ọn lórí. Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba orí ọ̀sà láti Èkó lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀sà kan náà tí à ń wò láti Badore, wọ́n sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmágbọ̀n pẹ̀lú ìbọn Maxim, èyí tó lè yin nǹkan bí 600 ọta ní ìṣẹ́jú kan. Kò sí ẹ̀wù ogun kankan ní ilẹ̀ wa tí wọ́n rán nítorí ìyẹn.

Ní ọjọ́ àṣà tí mo ń sọ, ońdè ni ó fa wàhálà. Ìyá ọmọbìnrin náà ti dé, ó rí ọrùn ọmọ rẹ̀, ó sì lọ bá olùkọ́.

"Ẹ bá mi bọ́ nǹkan yìí lọ́rùn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mà. A kì í ṣe oògùn nílé wa."

"Mọ́mì, òfìfo ni. Fóòmù ló ki sínú rẹ̀. Ojú wa ló ṣe é."

"Ta ló máa mọ̀?"

Olùkọ́ kò fèsì. Ọmọbìnrin náà fi àlùmọ́gàjí gé ońdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pè é, ó sì gun orí pèpéle ní ọrùn òfìfo. N kò bá ìyá náà jà. Ọmọ tirẹ̀ ni, ẹ̀sìn tirẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tó gbóná jù ní ọjọ́ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀: ó gbà á gbọ́. Awọ àti fóòmù tí ọmọ rẹ̀ rán ní alẹ́ ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn mú kí àgbàlagbà bẹ̀rù. Ìbò èjìká ńlá yẹn kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Fọ́tò ni gbogbo wa ń yà pẹ̀lú rẹ̀.

Mo bi ọmọkùnrin náà pé kí ni ìwo méjì orí àṣíborí rẹ̀ wà fún. Ó ní ó wà nínú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni. Mo bi ọmọbìnrin náà nípa ońdè rẹ̀. Ó ní bàbá àgbà òun jẹ́ ọdẹ, òun bi wọ́n, wọ́n sì sọ fún òun pé ẹni tó bá ń wọ igbó ní òru kì í fi ọrùn sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mo ń wá nìyẹn. Bí ọmọ mìíràn bá so ońdè mọ́ ọrùn nítorí pé ó rí i nínú fíìmù Yorùbá kan, tí kò bi ẹnikẹ́ni léèrè, òun àti oníwo náà, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àdàkọ ni àdàkọ ń jẹ́, ì báà jẹ́ ti ilé, ì báà jẹ́ ti òkè òkun.

Bí mo ṣe rí Black Panther ti 2018 náà nìyẹn. Ruth Carter, tó gba ẹ̀bùn Oscar fún aṣọ fíìmù náà ní 2019, kò da aṣọ ẹ̀yà kan kọ láti òkè délẹ̀. Ó mú pupa Maasai, ó mú òrùka ọrùn Ndebele, ó mú fìlà obìnrin Zulu tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, ó sì pa wọ́n pọ̀ fún ìlú kan tí kò sí. Fún ìlú tí kò sí, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ọmọ Ajah tó bá da ìhámọ́ra àwọn obìnrin ológun inú fíìmù yẹn kọ ti da àdàpọ̀ kọ, ó ti fi ẹsẹ̀ méjì jìnnà sí ibi tí ìtumọ̀ wà. Ó sàn kí ó lọ wo ohun tí ó sún mọ́ ọn. Ìyanu ti Roye Okupe, kọ́míìkì tó di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2025, gbé ìtàn rẹ̀ ka ilẹ̀ Yorùbá àfinúrò. Àwòrán tí Bruce Onobrakpeya yà sí ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ní 1968 wà níbẹ̀, ìwé Fágúnwà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1938. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ kò ní rí ìhámọ́ra tí ó lè dà kọ ní tààrà. Yóò ní láti ronú kí ó tó gé páálí. Àǹfààní ni mo ka ìyẹn sí.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé iṣẹ́ ọmọbìnrin náà pé. Okùn tó fi rán an tín-ín-rín jù, ìpẹ́ mẹ́ta já sílẹ̀ ní abíyá rẹ̀ kí ó tó kúrò lórí pèpéle, abíyá sì ni ibi tí ara ti ń fa aṣọ jù lọ. Ìpẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà láti èjìká dé ìdí, bẹ́ẹ̀ ìpẹ́ akika kì í rí bákan náà: ti orí àti ti ẹsẹ̀ kéré, ti ẹ̀yìn tóbi. Nítorí náà ni ara rẹ̀ fi rí bí òrùlé tí wọ́n fi páànù bò dípò ara ẹranko. Orí rẹ̀ sì wà ní ìhòòho. Ọdẹ tó ronú kan ọrùn rẹ̀ tó yẹn kò gbọdọ̀ gbàgbé orí. Nípa mímọ́ iṣẹ́, ọmọkùnrin náà fi í sílẹ̀ jìnnà, ó sì yẹ kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ti ń ra ọ̀dà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn méjèèjì fi ju ọ̀pọ̀ ọmọ yòókù lọ. Ẹ̀yin òbí mọ ohun tí à ń ṣe ní ìparí táàmù. Olùkọ́ á ní kí ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, a ó gbàgbé títí di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a ó wá sáré lọ ra ìgbálẹ̀ tàbí apẹ̀rẹ̀ lọ́jà, ọmọ á sì gba máàkì lórí iṣẹ́ ìyá oníyàá kan tí kò rí rí. Kò sí ibi tí ènìyàn ti lè sáré ra bùbá onípẹ́ sílípáàsì. Ọmọ méjì yìí gé e fúnra wọn, ọ̀bẹ gé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe é tán. Nígbà tí a bá wá gbé ẹ̀bùn fún èyí tó dára nínú fọ́tò nìkan, àwọn tó kù á ti gbọ́ ohun tí a sọ. Ní ọdún tó ń bọ̀, èjìká á tún tóbi sí i.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n ṣètò ìdíje náà, n kò ní fi tábìlì àwọn adájọ́ sí iwájú pèpéle. Ẹnu géètì ni mo máa gbé e sí, ní ọ̀sán gangan. Kí ẹni tó wọ ìhámọ́ra rìn láti ibẹ̀ dé pápá. Kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Kí ó mu omi láìbọ́ àṣíborí, tàbí kí ó bọ́ ọ fúnra rẹ̀ kí ó sì dá a padà. Kí ó lè jókòó sínú kòrópe láti Ajah dé Ṣàngótẹ̀dó láìsan owó èèyàn méjì. Kí ó dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀ kí àgbà, kí ó sì dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà á. Lẹ́yìn náà kí wọ́n nawọ́ sí apá kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀, kí wọ́n bi í ní ohun tí ó wà fún. Nígbà tí ó bá dáhùn tán ni kí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò tó yọ fóònù rẹ̀ jáde.